Kámẹ́rà Wo Ló Yẹ Ká Fi Owó Ẹgbẹ́ Rà?

Ọ̀rọ̀ tí Olùdarí Ẹ̀ka Ọ̀dọ́ sọ níbi ìpàdé gbogbogbòò. A tẹ̀ ẹ́ síbí fún ẹ̀yin tí ẹ kò ráàyè wá.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Torí pé ẹ wà níjòókòó ni mo ṣe láyà láti dìde sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ kámẹ́rà ni wọ́n ní kí n wá sọ. Gbogbo wa la mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹ̀ka wa ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà ní àwọn fẹ́ dáwó jọ kí ìlú wa ní kámẹ́rà sinimá tirẹ̀. Wọ́n ní ká fi ya ọdún ìbílẹ̀ wa, ká fi gba oríkì àti ẹkún ìyàwó sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ìyá wa, káwọn ọ̀dọ́ náà sì tibẹ̀ rí iṣẹ́ ọwọ́ kọ́. Láti ọjọ́ yẹn, WhatsApp wa ò sùn mọ́. Àwọn kan ní RED ni ká rà, torí òun ni wọ́n fi ń ya fíìmù ní Hollywood. Àwọn kan ní kí la fẹ́ fi kámẹ́rà ṣe nígbà tí omi ò tíì yọ dáadáa ní òkè ọjà. Ẹ̀gbọ́n wa kan tún ní òun mọ ẹni tó fẹ́ ta RED àlòkù ní ẹ̀dínwó, ká tètè fowó ránṣẹ́ kó tó bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀. Owó tí à ń sọ yìí, owó ìdáwó ni. Àwọn kan yọ ọ́ nínú owó iléèwé ọmọ, àwọn kan ṣiṣẹ́ òru kí wọ́n tó rí i. Ohun kejì tún wà níbẹ̀. Àwọn ìyá tó mọ ẹkún ìyàwó ìlú wa délẹ̀délẹ̀ ò pọ̀ mọ́, ọjọ́ orí wọn sì ti lọ. Bí a bá fi ọdún méjì jiyàn lórí kámẹ́rà, a lè ra èyí tó dáa jù láyé, ká má rí ẹni tí a máa fi yà. Nítorí náà, ewu méjì ló wà: ká sáré fi owó ìlú ṣòfò, tàbí ká lọ́ra títí ohun tí a fẹ́ tọ́jú á fi lọ.

Kí ni kámẹ́rà àtòpọ̀?

Kámẹ́rà tí wọ́n fi ń ya sinimá lóde òní kì í sábà wá ní odidi bíi ti fóònù. Ẹyọ ẹyọ ni wọ́n ń tà á. Orí rẹ̀, níbi tí sensor tó ń gba ìmọ́lẹ̀ wà, ní iye tirẹ̀. RED tiẹ̀ máa ń pe apá yìí ní ọpọlọ. Lẹ́yìn náà ni ẹ óò ra lẹ́ńsì, bátìrì àti ṣájà, káàdì tí àwòrán ń wọ̀ sí, ojú tí ẹ óò fi máa wo ohun tí ẹ ń yà, ọwọ́ tí ẹ óò fi gbé e, àti ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó máa dúró lé. Ìyẹn ni mo ń pè ní kámẹ́rà àtòpọ̀.

Ó ní àǹfààní tirẹ̀ o. Bí apá kan bá bàjẹ́, ẹ lè pààrọ̀ ìyẹn nìkan. Bí ọpọlọ tuntun bá jáde, ẹ lè tọ́jú lẹ́ńsì yín, kí ẹ pààrọ̀ orí. Lẹ́ńsì tó dáa máa ń pẹ́ lọ́wọ́ ẹni ju orí kámẹ́rà lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń yíwọ́ nìyí: iye tí a máa ń rí nínú ìpolówó, iye orí nìkan ni. Ẹni tó ra orí láìra ìyókù dà bí ẹni tó ra mọ́tò tí kò ní táyà. Ó ní mọ́tò lóòótọ́, àmọ́ kò lè gbé e kúrò lójú kan.

Ìlérí àti iye owó

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn RED ṣe àpẹẹrẹ, torí òun ni orúkọ rẹ̀ ń dún jù nínú group wa.

Jim Jannard, ọkùnrin ará Amẹ́ríkà tó dá iléeṣẹ́ awò ojú Oakley sílẹ̀, ló dá RED sílẹ̀. Ní 2007, kámẹ́rà wọn àkọ́kọ́, RED One, bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọwọ́ àwọn tó rà á. Dọ́là 17,500 ni orí rẹ̀ nìkan. Lójú tiwa, owó ńlá ni. Lójú àwọn tó ń ya fíìmù nígbà náà, ìyàlẹ́nu ló jẹ́ pé ó kéré tó bẹ́ẹ̀, torí kámẹ́rà díjítà tí wọ́n fi ń ya sinimá tẹ́lẹ̀ wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Wọ́n fi ya fíìmù District 9 tó jáde ní 2009 àti The Social Network tó jáde ní 2010. Òótọ́ ni pé RED yí iṣẹ́ náà padà.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2008, wọ́n kéde kámẹ́rà kékeré kan tí wọ́n pè ní Scarlet. Ìlérí wọn ni pé kò ní ju nǹkan bíi dọ́là 3,000 lọ. Inú àwọn tí kò lówó lọ́wọ́ dùn, ọ̀pọ̀ ní àwọn á dúró dè é. Kí ọdún náà tó parí, iléeṣẹ́ náà yí ètò padà, wọ́n ní ẹyọ ẹyọ ni gbogbo kámẹ́rà àwọn yóò máa jẹ́ báyìí, kí kálukú máa to èyí tó bá wù ú pọ̀. Ìgbà tí Scarlet-X jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2011, orí rẹ̀ nìkan ti di dọ́là 9,750. Mi ò ní wọ́n lu ẹnikẹ́ni ní jìbìtì. Kámẹ́rà tó jáde lágbára ju èyí tí wọ́n kọ́kọ́ kéde lọ. Àmọ́ ẹni tó ti ní dọ́là 3,000 nílẹ̀ láti 2008, ọdún mẹ́ta ààbọ̀ ló fi dúró, owó rẹ̀ ò sì tó mọ́.

Láàárín àkókò kan náà, Canon gbé kámẹ́rà fọ́tò kan jáde ní 2008, 5D Mark II, tó lè ya fídíò tó mọ́ dáadáa. Nǹkan bíi dọ́là 2,700 ni orí rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ káàkiri ayé gbé e, wọ́n ń fi ṣiṣẹ́, wọ́n ń fi kọ́ṣẹ́. Nígbà tí Scarlet fi máa jáde, àwọn yìí ti fi ọdún mẹ́ta mọ iṣẹ́.

Ẹ wò ó dáadáa. Ìlérí kámẹ́rà tó ń bọ̀ kì í ya àwòrán. Èyí tó wà lọ́wọ́ ló ń yà á.

Lẹ́yìn ìgbà náà, owó náà wá ń wálẹ̀. Blackmagic Design, iléeṣẹ́ kan ní Ọsirélíà, gbé kámẹ́rà sinimá wọn àkọ́kọ́ síta ní 2012 ní dọ́là 2,995. Ní 2018, Pocket Cinema Camera 4K wọn jáde ní dọ́là 1,295, wọ́n sì fi DaVinci Resolve Studio tí wọ́n fi ń gé àwòrán, tí wọ́n sì fi ń tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe, kún un lọ́fẹ̀ẹ́. RED náà gbé Komodo jáde ní 2020 ní dọ́là 5,995. Ní 2024, Nikon ra RED pátápátá. Ẹ rí i báyìí pé kámẹ́rà kì í ṣe ilẹ̀. Ilẹ̀ lẹ lè rà kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ kó máa gbówó lórí. Kámẹ́rà ní tirẹ̀, láti ọjọ́ tí ẹ bá ti tú u nínú páálí ni iye rẹ̀ ti ń wálẹ̀.

Àwa náà ti rí i rí

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ òkè òkun nìkan nìyí. Bí owó irinṣẹ́ ṣe ń pinnu ẹni tó lè sọ ìtàn, àwa Yorùbá mọ̀ ọ́n. Nígbà tí Ọlá Balógun ṣe Àjàní Ògún ní 1976, tí Hubert Ògúndé ṣe Aiyé ní 1979, tí Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá wa, ṣe Ọ̀run Móoru ní 1982, sẹ́lúlọ́ìdì ni wọ́n ń lò. Òkè òkun ni wọ́n ti ń fọ fíìmù náà, owó òkè òkun ni wọ́n sì fi ń san án. Gbogbo wa la gbọ́ bí àwọn olè ṣe ṣe àdàkọ Ọ̀run Móoru tà, tí Bàbá Sàlá sì jẹ gbèsè. Nígbà tí náírà wá já wálẹ̀ lẹ́yìn 1986, ọ̀nà yẹn dí.

Kí ló gba iṣẹ́ náà là? Kásẹ́ẹ̀tì fídíò ni. Living in Bondage tí Kenneth Nnebue gbé jáde ní 1992, orí VHS ló wà. Ní 1993, Túndé Kèlání ṣe Ti Olúwa Nilẹ̀ lórí fídíò. Àwòrán ibẹ̀ ò mọ́ bíi ti sẹ́lúlọ́ìdì, àmọ́ ìtàn ibẹ̀ wọlé, a sì ń sọ ọ́ dòní. Apá kejì náà wà o: ọ̀pọ̀ kásẹ́ẹ̀tì ìgbà náà ti bàjẹ́, olú ń hù lára wọn nínú àpótí. Ẹ̀kọ́ méjì ni mo rí kọ́ níbẹ̀. Irinṣẹ́ tí apá ẹni ká ló ń jẹ́ kí iṣẹ́ di ṣíṣe. Ohun tí a kò bá sì tọ́jú lẹ́yìn tí a ti yà á, bí ẹni pé a ò yà á ni.

Gbogbo owó rẹ̀, láti orí dé ẹsẹ̀

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò tiwa.

Àkọ́kọ́, ohùn. Kí ni a fẹ́ gbà sílẹ̀? Oríkì, ẹkún ìyàwó, ìlù dùndún, orin ọdún. Ohùn ni gbogbo wọn! Bí àwòrán ìyá àgbà bá mọ́ bíi dígí, tí a kò sì gbọ́ ohun tó ń kì, kí la rí gbà? Màíkì tó wà lára kámẹ́rà kò tó. A nílò màíkì tí a lè fi sí àyà aṣọ, òmíràn tí a lè gbé sókè lórí ọ̀pá, àti ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀. Kí a tó ra kámẹ́rà olówó ńlá láìní màíkì, ó sàn ká lo fóònù pẹ̀lú màíkì tó dáa.

Ìkejì, ibi ìpamọ́. Bí a bá fi Pocket 4K ya àwòrán 4K ti RAW, kódà ní ìwọ̀n ìfúnpọ̀ tó ga jù lórí rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní 12:1, wákàtí kan máa gba nǹkan bíi 100 gigabyte. Ọdún wa, ọjọ́ mẹ́ta ni. Bí a bá ya wákàtí mẹ́rin lójúmọ́, wákàtí 12 nìyẹn, ìyẹn nǹkan bíi terabyte kan àti díẹ̀. A sì gbọ́dọ̀ ní ẹ̀dà méjì ó kéré tán, torí hard disk lè kú láìdágbére. Ọdún kan ṣoṣo nìyẹn o. Ṣùgbọ́n bí a bá yà á ní HD pẹ̀lú ProRes 422, wákàtí kan á máa gba nǹkan bíi gigabyte 55, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì. Fún àkọsílẹ̀ oríkì, ìyẹn ti tó.

Ìkẹta, iná. Ẹ mọ iná wa, kò yẹ kí n máa ṣàlàyé. Bátìrì kékeré tí Pocket 4K ń lò kì í pé wákàtí kan dáadáa kó tó tán. Ẹni tó bá fẹ́ ya ọdún láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ó ní láti ní bátìrì púpọ̀ tàbí bátìrì ńlá tí wọ́n ń so mọ́ ọn lẹ́yìn, kó sì ní ibi tó ti máa gba iná sí i. Kò sí iyì nínú kámẹ́rà tó kú lọ́wọ́ wa nígbà tí egúngún àgbà ń jáde.

Ìkẹrin, kọ̀ǹpútà. Àwòrán RAW kì í ṣe ohun tí ẹ óò kàn fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Ẹ gbọ́dọ̀ gé e, kí ẹ tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe. Láptọ́ọ̀pù tí wọ́n fi ń tẹ lẹ́tà kò lè gbé e.

Ìkarùn-ún, ojú ọjọ́. Ekuru ọyẹ́ máa ń wọ inú ẹ̀rọ, pàápàá èyí tó ní fáànù. Ọ̀rinrin ìgbà òjò sì máa ń jẹ́ kí funfun hù nínú lẹ́ńsì. A nílò àpótí tó dé pinpin àti àwọn ọ̀rá kéékèèké tó ń fa omi, irú èyí tí wọ́n máa ń kó sínú páálí bàtà tuntun.

Ìkẹfà, nǹkan kékeré kan tí ó lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Iná wa, ìlọ́po 50 ni láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti Amẹ́ríkà, 60. Bí kámẹ́rà bá ti Amẹ́ríkà wá, tó sì wà ní ètò ti ọ̀hún, àwòrán tí a bá yà lábẹ́ gílóòbù lálẹ́ lè máa ṣẹ́jú. Kí ẹni tó ń yà á yí i sí fíréèmù 25, kí ìṣíjú rẹ̀ sì jẹ́ ìdá kan nínú 50. Kò ná wa ní kọ́bọ̀, ìmọ̀ nìkan ló gbà. Kí ẹ sì wo ara ṣájà kí ẹ tó kì í bọ iná: bó bá jẹ́ 110 nìkan ló kọ síbẹ̀, yóò jó.

Ọ̀rọ̀ RED àlòkù

Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n wa tó mú ọ̀rọ̀ yìí wá. Ìfẹ́ ìlú ló mú un wá, ẹ má jẹ́ ká gbàgbé. Ṣùgbọ́n igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Ọ̀pọ̀ RED àtijọ́, káàdì iléeṣẹ́ wọn nìkan ni wọ́n ń gbà. Ní àkókò tí wọ́n ń tà á ní tuntun, ẹyọ MINI-MAG wọn kan tó jẹ́ 480 gigabyte ju dọ́là 2,000 lọ. Ẹ gbọ́ o, káàdì kan ni mo wí! Komodo yàtọ̀ ní tirẹ̀, torí CFast 2.0 tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ń ṣe ló ń lò. Bí RED àtijọ́ bá sì bàjẹ́, ẹ̀rọ náà lè ní láti padà sókè òkun kí wọ́n tó lè tún un ṣe, pẹ̀lú owó ìfiránṣẹ́ àti wàhálà kọ́sítọ́ọ̀mù ní àlọ àti àbọ̀.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kí ẹgbẹ́ ra kámẹ́rà àlòkù, kì báà jẹ́ RED tàbí òmíràn, ìbéèrè márùn-ún ni kó kọ́kọ́ dáhùn. Wákàtí mélòó ni wọ́n ti fi ṣiṣẹ́? RED máa ń kọ ọ́ sínú rẹ̀. Káàdì àti bátìrì mélòó ló bá a wá? Ṣé a ṣì lè rí òmíràn rà lọ́jà? Ta ni yóò tún un ṣe, níbo? Ṣé ẹni tó ń tà á lè fi àwòrán tó fi yà lọ́sẹ̀ yìí gan-an ránṣẹ́ sí wa, ká rí i bóyá ojú rẹ̀ ti ní àbàwọ́n? Bí ìdáhùn kan bá fì, kówó wa dúró sí báńkì.

Ẹ tún rántí pé iléeṣẹ́ lè kógbá sílé. Àwọn ọ̀dọ́ kan ní Amẹ́ríkà gbówó lọ́wọ́ ará ìlú lórí Kickstarter ní 2012, wọ́n ṣe kámẹ́rà kan tó ń jẹ́ Digital Bolex. Kámẹ́rà tó lẹ́wà ni, àwọn tó rà á fẹ́ràn rẹ̀. Ní 2016, wọ́n dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró. Ẹni tí tirẹ̀ bá bàjẹ́ lónìí, kí ni ó fẹ́ ṣe?

Ká rà ni, àbí ká yá a?

Ìṣirò kan wà tí ẹnikẹ́ni lè ṣe. Ẹ kó iye gbogbo irinṣẹ́ jọ, kì í ṣe ti orí nìkan. Ẹ fi iye tí wọ́n ń yá a fún ọjọ́ kan pín in. Èsì rẹ̀ ni iye ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ lò ó kí rírà tó ṣe yín láǹfààní. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ lásán ṣe é, kì í ṣe iye ọjà: bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ dọ́là 9,000, tí yíyá rẹ̀ sì jẹ́ dọ́là 150 lójúmọ́, ọjọ́ 60 nìyẹn. Kí ni a fẹ́ fi kámẹ́rà ńlá ṣe lọ́dún? Ọjọ́ mẹ́ta fún ọdún ìbílẹ̀, bóyá ọ̀sẹ̀ kan fún fíìmù kékeré táwọn ọ̀dọ́ fẹ́ ṣe. Ọjọ́ mẹ́wàá. Ọdún mẹ́fà ló máa gbà wá ká tó jẹ owó yẹn tán, nígbà yẹn kámẹ́rà náà á ti di ti àtijọ́. Fún iṣẹ́ ńlá, ẹ jẹ́ ká máa yá a ní Èkó, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n lò bá a wá.

Àmọ́ ìṣirò yìí ò bá ti àwọn ìyá wa mu, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí mi níbẹ̀. Ẹni tó bá yá kámẹ́rà gbọ́dọ̀ mú ọjọ́. Àgbà ò ṣeé mú ọjọ́ fún. Lónìí ara wọn le, ohùn wọn já geere. Lọ́la òtútù mú wọn, wọn ò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni. Ìyá lè sọ pé òun ò ráàyè, kó wá di ọ̀sán ọjọ́ kan tó ń ṣa ẹ̀gúsí lẹ́yìnkùlé, kó bẹ̀rẹ̀ sí í dá orin kan tí a kò gbọ́ rí. Irinṣẹ́ tí a máa fi gba irú ìyẹn sílẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nílé, nítòsí, kí bátìrì rẹ̀ sì kún. Ìdí nìyí tí mo fi ní: ká yá ńlá, ká ra kékeré.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kékeré ò níyì, kó lọ wo fíìmù Tangerine tí Sean Baker ṣe ní 2015. iPhone 5s ni wọ́n fi yà á, àwọn sinimá gidi ló sì ti jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ̀rọ̀ omi

Ẹ ò ṣẹ̀. Omi ṣe pàtàkì. Èmi náà ń gbé garawa. Bí owó omi àti owó kámẹ́rà bá jẹ́ owó kan náà, èmi gan-an á ní ẹ lọ fi gbẹ́ kànga. Ṣùgbọ́n orúkọ ohun tí wọ́n dá owó yìí fún ni wọ́n fi dá a, ẹgbẹ́ tó bá yí owó ìdáwó padà láìbéèrè kì í rí òmíràn gbà. Ohun tí mo lè sọ ni pé kò yẹ kí owó kámẹ́rà jẹ kọ́bọ̀ kan nínú àpò omi, nísinsìnyí tàbí lọ́jọ́ iwájú. Kí ìtọ́jú rẹ̀ máa ti inú rẹ̀ wá. Gbogbo wa la rí ẹ̀rọ tó wà nínú gbọ̀ngàn wa tí wọ́n rà tí a kò ní owó láti pààrọ̀ gílóòbù inú rẹ̀. Aṣọ ni wọ́n fi bò ó títí dòní.

Ohun tí ẹ̀ka ọ̀dọ́ ń dábàá

Ìkíní: ká má dúró de kámẹ́rà kankan. Láàárín oṣù yìí, ká fi díẹ̀ lára owó náà ra màíkì, ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ àti ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ká sì lo fóònù tó dáa jù láàárín wa. Kí ọ̀dọ́ méjì àti ìyá kan tó mọ ìdílé káàkiri máa lọ láti agbolé dé agbolé. Àgbà tó dàgbà jù la máa kọ́kọ́ lọ bá.

Ìkejì: ká gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí a fẹ́ yà àti ìdílé rẹ̀. Ohun tí kò yẹ kí ojú rí, kí kámẹ́rà má rí i. Àwọn àgbà ni yóò sọ èyí tó ṣeé yà àti èyí tí kò ṣeé yà, a ò ní bá wọn jiyàn.

Ìkẹta: bó bá di oṣù mẹ́ta, tí iṣẹ́ yẹn bá ń lọ, ká wá ra kámẹ́rà àtòpọ̀ kékeré kan, irú Pocket 4K tàbí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ká pín owó tó kù sí ọ̀nà mẹ́ta: ìdá kan fún orí kámẹ́rà àti káàdì, ìdá kan fún lẹ́ńsì, iná àti bátìrì, ìdá kan fún kọ̀ǹpútà, ibi ìpamọ́, ẹ̀kọ́ṣẹ́ àti ìtọ́jú. Bí orí bá fẹ́ jẹ ju ìdá tirẹ̀ lọ, ó ti tóbi jù fún wa nìyẹn. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Ìkẹrin: ká má ra RED àlòkù. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá ti kọ ìtàn fíìmù wọn parí, tí àwọn àgbà sì kà á, ká yá kámẹ́rà ńlá fún ọjọ́ tí a nílò rẹ̀.

Ìkarùn-ún: kí ẹni mẹ́ta máa bójú tó o: akápò, ọ̀kan nínú àwọn ìyá, àti ọ̀dọ́ kan. Kí ìwé wà tí ẹni tó gbé e jáde máa fọwọ́ sí, lọ́jọ́ tó gbé e àti lọ́jọ́ tó dá a padà. Bí ọmọ ìlú bá fẹ́ fi ya ìgbéyàwó, kó san owó, kówó náà wọ àpò ìtọ́jú. Èmi náà á fọwọ́ síwèé, ẹnikẹ́ni ò ní sọ pé tòun ni.

Ìkẹfà: ẹ̀dà mẹ́ta. Ọ̀kan nílé níbí, ọ̀kan ní Ìbàdàn, ọ̀kan lọ́wọ́ ẹ̀ka Lọ́ńdọ̀nù. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí ẹni kọ̀ọ̀kan ṣí tirẹ̀ wò bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa lókè òkun, ẹ̀yin lẹ dá owó yìí, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín fẹ́ rí kámẹ́rà ńlá tí orúkọ ìlú wa wà lára rẹ̀. Ó wu èmi náà. Ṣùgbọ́n ọmọ yín tí wọ́n bí sí ọ̀hún kò ní béèrè bóyá RED ni a fi ya ìyá ìyá rẹ̀. Ohun tí yóò béèrè ni pé kí ni ìyá sọ, ṣé òun lè gbọ́ ọ, ṣé orúkọ òun wà nínú oríkì yẹn.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó dìbò lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ṣe nǹkan méjì. Kí agbolé kọ̀ọ̀kan fi orúkọ àgbà tó yẹ ká kọ́kọ́ lọ bá ránṣẹ́ sí akọ̀wé, kì í ṣe sójú group. Ẹni tó bá sì ní àtakò sí àbá wa, kó kọ iye owó tirẹ̀ wá, láti orí dé ẹsẹ̀, pẹ̀lú bátìrì, káàdì àti ẹni tó máa tún un ṣe. A óò fi tirẹ̀ àti tiwa lé orí tábìlì, ká wò ó pọ̀.

Ẹ̀mí wa ò ní kúrú, àwọn ìyá wa á pẹ́ fún wa. Àṣẹ.